Àyọlò láti inú Ìwé Sáyẹ́ǹsì Àtijọ́ nínú Atúmọ̀ Èdè Yorùbá: Àpẹẹrẹ Orúkọ Ewéko ní Àríwá Èkìtì

1. Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí kì í jìnnà sí ọkàn ẹni tí ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú atúmọ̀ èdè nígbà tí ó bá ń yọ ọ̀rọ̀ lò láti inú ìwé àtijọ́. Bí ó bá bá àkọtọ́ tí kò bágbà mu pàdé, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa yún un láti tún un kọ. Bí ó bá rí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn, yóò fẹ́ fi àmì sí i. Bí ó bá kan orúkọ Látìnì tí àwọn onímọ̀ ewéko ti pa tì, yóò fẹ́ fi ti òde òní rọ́pò rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó bá ti ṣe gbogbo èyí tán, yóò gbà pé òun ti fi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ tọmọ.

Ohun tí bébà yìí ń tẹnu mọ́ ni pé òwe náà kò kan àyọlò inú atúmọ̀ èdè, pàápàá jù lọ àyọlò láti inú ìwé sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ jíjẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀rí jíjẹ́. Ìránṣẹ́ lè tún ọ̀rọ̀ ṣe kí àárín ẹni tí ó rán an àti ẹni tí a rán an sí lè tòrò. Ẹlẹ́rìí tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ba ẹjọ́ jẹ́. Àyọlò inú atúmọ̀ èdè jẹ́ ẹ̀rí pé ní ọdún báyìí, nínú ìwé báyìí, ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ báyìí pẹ̀lú ìtumọ̀ báyìí. Bí olótùú bá ti fọwọ́ kan ọ̀nà tí ẹni náà gbà kọ ọ́, olótùú ni ó ń sọ̀rọ̀. Ìwé náà ti dákẹ́.

Orúkọ ewéko ni a ó fi ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé nípa ewéko ni ìwé sáyẹ́ǹsì àtijọ́ ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá pamọ́ fún wa jù. Àríwá Èkìtì, èyíinì ni Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè Mọ̀bà tí ó fi Ọ̀tùn ṣe olú-ìlú, ni a ó fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé ibi tí èdè bá ti yàtọ̀ sí Yorùbá àjùmọ̀lò ni àtúnṣe olótùú ti ń ṣe ìpalára jù.

2. Àwọn ìwé tí ọ̀rọ̀ kàn

Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní London ní 1843, ó sì tún gbé èyí tí ó kún jù ú lọ jáde ní 1852. Ní 1854 ni S. W. Koelle tẹ *Polyglotta Africana* jáde, ìwé tí ó fi ọ̀rọ̀ inú èdè tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún wéra. Ní 1858 ni ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ Smithsonian ní Amẹ́ríkà tẹ gírámà àti atúmọ̀ èdè tí T. J. Bowen kọ, wọ́n sì fi í sí ọ̀wọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn iṣẹ́ ìwádìí sáyẹ́ǹsì wọn. Atúmọ̀ èdè ti ìjọ C.M.S. tẹ̀lé e ní 1913. Ní 1937 ni J. M. Dalziel gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí àwọn ewéko tí ó wúlò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà; ní 1958 ni R. C. Abraham tẹ atúmọ̀ èdè rẹ̀, tí orúkọ ewéko, ẹyẹ àti ẹranko pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni iṣẹ́ Pierre Verger lórí ewé Ọ̀sanyìn, tí Yunifásítì Ifẹ̀ tẹ̀ ní 1967, àti ìwé *Ewé* rẹ̀ ní èdè Potogí ní 1995. Ní 1984 ni Z. O. Gbile kó orúkọ ewéko ní èdè Yorùbá jọ fún Ilé-Iṣẹ́ Ìwádìí Igbó ní Ìbàdàn. Láti 1985 ni H. M. Burkill sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtúnṣe ìwé Dalziel ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀.

Ohun méjì ni ó so púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí pọ̀. Èkíní, àlejò ni ọ̀rọ̀ Yorùbá jẹ́ nínú wọn: àárín gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Potogí ni ó jókòó sí, ẹ̀gbẹ́ orúkọ Látìnì sì ni ó sábà máa ń wà. Èkejì, ọmọ Òṣogùn ni Crowther, èdè Ọ̀yọ́ sì ni ó jẹ́ òpó tí a fi gbé àkọtọ́ àjùmọ̀lò ró. Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ Èkìtì kan bá ráyè wọ inú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni, ó sì yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n.

Láyé ìwé títẹ̀, olótùú lè sọ pé àyè kò sí. Atúmọ̀ èdè ti C.M.S. kò ju ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ ṣókí lọ, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn wí fún un, nítorí pé bébà àti tádàwà, owó ni. Atúmọ̀ èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní àwáwí yìí mọ́. Wiktionary, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ń gba ọ̀rọ̀ Yorùbá wọlé pẹ̀lú àmì ẹ̀ka-èdè, Èkìtì sì wà lára wọn. Àyè sì wà lábẹ́ ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan fún àyọlò tí ó ní ọdún. Ìbéèrè tí ó kù kì í ṣe bí àyè yóò ti tó, bí kò ṣe bí a ó ti lò ó.

3. Orúkọ Látìnì gẹ́gẹ́ bí àmì ohùn

Ẹ jẹ́ kí a mú lẹ́tà mẹ́rin péré: *igba*. Bí a bá kọ ọ́ báyìí láìsí àmì, ó lè jẹ́ igba tí í ṣe òǹkà. Ó lè jẹ́ igbá tí a ń fi bu omi. Ó lè jẹ́ ìgbà tí ń lọ tí ń bọ̀. Ó lè jẹ́ igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Ó sì lè jẹ́ ìgbá tí a ń jẹ lọ́bẹ̀. Nínú ìwé ewéko, òǹkà, àkókò àti okùn ọ̀pẹ yóò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Akèrègbè wà níbẹ̀, ìgbá wà níbẹ̀, igi tí a fi kóró rẹ̀ ṣe irú náà sì ń jẹ́ orúkọ tí a ń fi lẹ́tà mẹ́rin yìí kan náà kọ.

Ní gbogbogbòò, àwọn ìwé bíi ti Dalziel kò fi àmì ohùn sórí orúkọ Yorùbá. Síbẹ̀, ẹni tí ó ń kà wọ́n kì í ṣìnà, nítorí pé orúkọ Látìnì dúró ti ọ̀rọ̀ náà. Bí *Lagenaria* bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, akèrègbè ni; bí *Solanum* bá wà níbẹ̀, ìgbá ọbẹ̀ ni; bí *Parkia* bá ni, igi irú ni. Iṣẹ́ tí àmì ohùn ń ṣe nínú àkọtọ́ òde òní ni orúkọ Látìnì ń ṣe nínú ìwé sáyẹ́ǹsì àtijọ́. Òun ni àmì ohùn ìwé náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ọ̀nà títò àyọlò nìyí. Olótùú tí ó bá gé orúkọ Látìnì kúrò nínú àyọlò kí gbólóhùn lè kúrú, tí ó sì fi ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan sílẹ̀, ti bọ́ àmì ohùn ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí rẹ̀. Bí ó bá wá fi àmì ti ara rẹ̀ rọ́pò, ó ti sọ àbá di ẹ̀rí. Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: irú akèrègbè kan wà tí ó korò tí májèlé sì wà nínú rẹ̀, ìgbá sì jẹ́ ohun tí ènìyàn ń jẹ láàárọ̀ lálẹ́. Dókítà tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí aláìsàn lò kí wọ́n tó gbé e dé ilé-ìwòsàn ńlá ti Ìdó, tàbí akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà Ìkọ̀lé ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ ní 2011, kò gbọdọ̀ bá àbá olótùú nínú aṣọ ẹ̀rí.

Ìdí mìíràn tún wà tí a kò fi gbọdọ̀ fọwọ́ kan orúkọ Látìnì. Orúkọ wọ̀nyí ń yípadà. *Chlorophora excelsa* ni Dalziel pe ìrókò ní 1937. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é lónìí, *Milicia excelsa*, kò sí láyé títí di 1982 tí C. C. Berg tún igi náà pín. Bí olótùú bá kọ ọdún 1937, tí ó sì fi *Milicia* sínú àyọlò, ó ti wọ òkú ọ̀run ní aṣọ tí a kò tíì hun nígbà ayé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbà á gbọ́ yóò sọ pé orúkọ náà ti pẹ́ ju bí ó ti pẹ́ lọ. Orúkọ tuntun ní àyè tirẹ̀: ìsàlẹ̀ àyọlò, gẹ́gẹ́ bí àlàyé olótùú. Ìkékúrú orúkọ onímọ̀ tí ó máa ń tẹ̀lé orúkọ Látìnì pẹ̀lú, bíi Welw. àti Benth., kò gbọdọ̀ sọnù, nítorí pé òun ni ó ń sọ irú ẹni tí ó sọ ewéko náà lórúkọ.

4. Ìrísí lẹ́tà àti àkọtọ́

Àwọn kan yóò béèrè pé: ṣé gbogbo kíńńkínní inú ìwé àtijọ́ ni a ó tún tẹ̀ ni? Rárá. Ó yẹ kí a ya ìrísí lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára àkọtọ́. Atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford, tí ìmọ̀ràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1857 tí apá rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní 1884, fi ọ̀nà yìí hàn. Bí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀ lọ́nà tí kò bá tòde òní mu ní irínwó ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́tà *s* gígùn tí àwọn atẹ̀wé ìgbà náà ń lò, *s* ti òde òní ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́. Ìrísí ni ìyẹn. Ọ̀rọ̀ kò yípadà.

Lọ́dọ̀ tiwa, ìlà kékeré tí àwọn atẹ̀wé kan ń fà sábẹ́ *e* àti *o* dípò tó-tó, ìrísí lẹ́tà ni. Olótùú lè fi tó-tó rọ́pò rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Bákan náà ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ́jú lẹ́tà bíi *ẹ́*, tí ó lè jẹ́ àpapọ̀ ẹ̀yà méjì tàbí mẹ́ta ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó tilẹ̀ yẹ kí olótùú sọ wọ́n di ọ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ má baà pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n *sh* tí a sọ di *ṣ* kì í ṣe ìrísí, àkọtọ́ ni. *Ẹiyẹ* tí a sọ di *ẹyẹ*, *aiya* tí a sọ di *àyà*, *enia* tí a sọ di *ènìyàn*, àkọtọ́ ni gbogbo wọn.

Àkọtọ́ sì ní ìtàn tí a mọ ọdún rẹ̀. Ìpàdé kan wáyé lórí rẹ̀ ní Èkó ní 1875. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ jáde ní 1965. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí ní 1966. Ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974. *Ẹiyẹ* nínú àyọlò jẹ́ ẹ̀rí pé ìwé náà wá láti inú ìṣe tí ó ṣáájú àtúnṣe wọ̀nyí. Bí a bá sọ ọ́ di *ẹyẹ*, a ti pa ojú ọ̀nà tí ẹni tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn àkọtọ́ yóò gbà padà.

Ti Koelle tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà kíkọ tirẹ̀ ni ó lò fún gbogbo èdè inú ìwé rẹ̀. Àmì tí ó bá wà lórí fáwẹ̀lì níbẹ̀, a kò lè kà á bí àmì ohùn òde òní láìsí àlàyé. Olótùú tí ó bá fi í sílẹ̀ láìsọ ohunkóhun yóò ṣi òǹkàwé lọ́nà. Èyí tí ó bá yọ ọ́ yóò ba ẹ̀rí jẹ́. Kí ó fi í sílẹ̀, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀, ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó tọ́.

5. Ohun tí àríwá Èkìtì yóò pàdánù

Abíọ́dún Adétugbọ̀, nínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti 1967, fi Èkìtì sí ìsọ̀rí àárín gbùngbùn pẹ̀lú Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kan lára ohun tí ó ya Èkìtì sọ́tọ̀ kúrò lára Yorùbá àjùmọ̀lò ni pé fáwẹ̀lì *u* lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. *Ulé* ni ilé, *ugbá* ni igbá, *ùgbà* ni ìgbà. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀ tí ó fi *u* bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí olótùú tí kò gbọ́ Èkìtì bá rí *ugba* nínú àkójọ orúkọ ewéko, kí ni yóò rò? Yóò rò pé atẹ̀wé ṣe àṣìṣe. Yóò sọ ọ́ di *igbá*, yóò sì gbà pé òun ṣe oore. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà nìkan ni ó ń jẹ́rìí pé ọmọ Èkìtì ni ó pe ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀rọ̀ tún jinlẹ̀ ju ti *u* lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Èkìtì, àǹkóò fáwẹ̀lì kan fáwẹ̀lì àhánupè pẹ̀lú, tí *i* àti *u* fi máa ń ní oríṣi méjì-méjì létí ara, gẹ́gẹ́ bí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀lé wọn bá ti rí. Àkọtọ́ àjùmọ̀lò kò ní lẹ́tà fún ìyàtọ̀ yìí. Akọ̀wé àtijọ́ tí kò mọ̀ nípa àkọtọ́ àjùmọ̀lò, tí ó sì kọ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, lè ti kọ *e* sí ibi tí àwa yóò kọ *i*, tàbí *o* sí ibi tí àwa yóò kọ *u*. Ohun tí ó jọ àìmọ̀kan lójú olótùú lè jẹ́ etí tí ó mú. Àtúnṣe yóò pa ìró tí àkọtọ́ wa kò lè kọ títí di òní.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ibi náà kò kéré. Láti 1976 títí di ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 1996, inú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo Èkìtì wà. Bí ìwé tí a tẹ̀ ní 1984 bá sọ pé ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni òun ti gbọ́ orúkọ kan, ó lè jẹ́ ìlú Oǹdó, ó sì lè jẹ́ Ìkọ̀lé. Olótùú tí ó bá ké e kúrú sí “Oǹdó” ti gbé ọmọ Ìkọ̀lé lọ sí ilé onílé. Olótùú tí ó bá sọ ọ́ di “Èkìtì” láìní ẹ̀rí mìíràn ti búra lórí ohun tí kò rí. Bí ìwé ti sọ ọ́ ni kí a fi í sílẹ̀, kí àlàyé nípa ọdún 1996 wà nísàlẹ̀.

Verger ti fi hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀ pé nínú ìṣègùn Yorùbá, orúkọ ewé, iṣẹ́ tí ewé náà ń ṣe, àti ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń pè é nínú ọfọ̀ máa ń so mọ́ra nípa ìró. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó yí fáwẹ̀lì tàbí ohùn orúkọ ewé padà kò yí àkọtọ́ nìkan. Ó ti já okùn tí ó so ewé mọ́ ọfọ̀. Àwọn àgbà tí wọ́n mọ orúkọ wọ̀nyí bí a ti ń pè wọ́n ní Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó ń dínkù, ilé-ìwé sì ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ìwé àtijọ́ bá wá sọ̀rọ̀ bí àwa ti ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò kù tí yóò jẹ́rìí?

6. Àwíjàre àwọn alátùn-únṣe

Àwọn tí wọ́n fara mọ́ àtúnṣe ní ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a gbọ́. Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ àkọtọ́ àtijọ́, yóò sì lọ fi kọ ìdánwò. Wọ́n ní ẹni tí ó bá tẹ *ẹyẹ* láti wá ọ̀rọ̀ kò ní rí àyọlò tí a kọ *ẹiyẹ* sí. Wọ́n tún ní atúmọ̀ èdè kì í ṣe ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ẹni tí ó wà láàyè ni ó wà fún.

Òtítọ́ wà nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó gbè àtúnṣe nínú àyọlò fúnra rẹ̀. Ìlà kejì lábẹ́ àyọlò, tí a kọ ní àkọtọ́ òde òní tí a sì sàmì sí pé ti olótùú ni, yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì jẹ́ kí ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ rí i. Àwíjàre kẹta ni ó léwu jù, nítorí pé ó jọ ọgbọ́n. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó wà láàyè pàápàá nílò ilé tí yóò wò. Bí a bá tún ilé náà kùn kí ó lè jọ ti òní, ìwò náà kò ní ìtumọ̀ mọ́.

7. Ìlànà tí ó yẹ

Láti inú àyẹ̀wò yìí, ìtò kan yọ jáde. Ọdún ni ó ṣáájú, lẹ́yìn náà orúkọ akọ̀wé, ìwé àti ojú-ewé. Ìlà kìíní ni ọ̀rọ̀ ìwé náà bí a ti tẹ̀ ẹ́, ní èdè tí a fi tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú àkọtọ́ rẹ̀ àti orúkọ Látìnì rẹ̀. Ohun tí olótùú bá yọ, kí àmì ìfohunsílẹ̀ dúró fún un. Ohun tí ó bá fi kún un, kí ó wà nínú àkámọ́. Ìlà kejì ni àkọtọ́ òde òní, bí olótùú bá ní ẹ̀rí tí ó tó fún ohùn. Bí kò bá ní, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìlámì. Ìlà kẹta ni ìtumọ̀ sí Yorùbá, bí ó bá jẹ́ pé èdè mìíràn ni a fi kọ ọ́. Àlàyé nípa orúkọ Látìnì tuntun àti orúkọ ìpínlẹ̀ ni yóò kẹ́yìn.

Nípa ìrísí, orúkọ Látìnì sábà máa ń wà ní lẹ́tà tí ó dagẹ̀rẹ̀. Bí atúmọ̀ èdè bá ń fi lẹ́tà tí ó dagẹ̀rẹ̀ tẹ gbogbo àyọlò, orúkọ Látìnì yóò sọnù sínú àwùjọ. Nítorí náà, lẹ́tà tí ó dúró ṣánṣán ni kí a fi tẹ àyọlò, kí orúkọ Látìnì lè máa ṣe iṣẹ́ àmì ohùn rẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ rere kò ṣàìsí nílẹ̀. Koelle sọ orúkọ àwọn tí ó fún un ní ọ̀rọ̀ ní Freetown, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti wá. Yàgbà, tí ó jẹ́ aládùúgbò Ìkọ̀lé, wà lára àwọn èdè tí ó kọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Burkill fi ìtọ́ka sí ẹ̀yìn orúkọ ìbílẹ̀ láti fi hàn ẹni tí ó ti gbà á. Àárín àwọn méjèèjì lé ní ọgọ́fà ọdún, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan náà ni wọ́n ní: orúkọ tí kò ní ẹni tí ó sọ ọ́ kò tíì di ẹ̀rí.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ìwé sáyẹ́ǹsì àtijọ́ kò kọ Yorùbá dáadáa ní ojú wa lónìí. Àmì ohùn kò sí, àkọtọ́ ń ṣe ségesège, orúkọ Látìnì ti gbó. Síbẹ̀, nínú ségesège náà ni a ti lè rí *u* ọmọ Èkìtì, ìró tí lẹ́tà wa kò gbà, àti ọdún tí ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ wọ inú ìwé. Olótùú tí ó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ẹrú jẹ́ tọmọ ní àyè rẹ̀ nínú ìlà kejì, kí ó ṣe é níbẹ̀ dáadáa. Ìlà kìíní kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹni tí ó kọ ọ́ ni, àti ti ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó tí a kò kọ orúkọ rẹ̀, tí ó tọ́ka sí ewé kan tí ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún àlejò.